Físà yín ti dé, ṣùgbọ́n ṣé ẹ ti kà á?

Àǹtí kan wà ní àdúgbò wa tó ń ta àǹkárá. Nígbà tó máa pé ẹni 50 ọdún, ó ní òun ò ní ṣe àríyá kankan, òun fẹ́ fojú ara òun rí Paris, kí òun sì gba ibẹ̀ lọ kí àbúrò òun ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ti ní físà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ́lẹ̀. Ajẹ́ńtì kan ló bá a gba ti ilẹ̀ Faransé. Ọjọ́ tí pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ jáde, gbogbo wa la bá a yọ̀.

Ó lo ọjọ́ márùn-ún ní Paris, ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀. Ọjọ́ tó fẹ́ padà sí Paris kó lè wọ bàálù wálé ni wọ́n dá a dúró. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni físà Faransé yẹn lè gbé e wọlé, ó sì ti lò ó. Bí tíkẹ́ẹ̀tì àpadàbọ̀ ṣe wọgbó nìyẹn. Àbúrò rẹ̀ ló lọ yá owó tó fi ra òmíràn láti Lọ́ńdọ̀nù sí Èkó. Ọ̀rọ̀ tó sọ fún mi nígbà tó dé kò tíì kúrò lọ́kàn mi: "Bọ̀dá, wọ́n kọ ọ́ sára físà yẹn o. Èmi ni mi ò kà á."

Ohun tó ń ṣe ọ̀pọ̀ wa nìyẹn. A máa gbààwẹ̀ kí físà lè jáde, a máa ṣe ìdúpẹ́ nígbà tó bá jáde, ṣùgbọ́n a kì í ka ohun tó wà lára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, físà kì í ṣe àṣẹ ìwọlé. Ìwé tó ní kẹ́ ẹ wá kanlẹ̀kùn ni. Òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́nu ibodè ló ń ṣílẹ̀kùn.

Ẹ jẹ́ ká mú físà Schengen, tí wọ́n fi ń wọ orílẹ̀-èdè 29 ní Yúróòpù. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ireland kò sí lára wọn. Ohun mẹ́ta ni kẹ́ ẹ wò lára físà náà kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Àkọ́kọ́ ni iye ìgbà tẹ́ ẹ lè wọlé: tó bá jẹ́ 01 ni wọ́n kọ, ẹ̀ẹ̀kan ni, tó bá jẹ́ MULT, ẹ lè jáde kẹ́ ẹ tún wọlé. Ìkejì ni ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí. Ìkẹta, tó máa ń kó bá èèyàn jù, ni iye ọjọ́ tẹ́ ẹ lè lò. Físà lè wà fún oṣù kan, kó jẹ́ pé ọjọ́ 10 péré ni wọ́n fún yín nínú rẹ̀. Kódà, ẹni tó gba físà ọlọ́dún gbọọrọ kò gbọ́dọ̀ lò ju 90 ọjọ́ lọ nínú 180 ọjọ́. Ẹ má sì rò pé wọn ò ní rántí. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹ̀rọ tó ń gba ìtẹ̀ka àti àwòrán ojú, òun ló ń bá wọn ka ọjọ́.

Ti Amẹ́ríkà tún yàtọ̀. Ọjọ́ tí físà wọn parí ni ọjọ́ ìkẹyìn tẹ́ ẹ lè fi gúnlẹ̀ síbẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tẹ́ ẹ máa kúrò. Òṣìṣẹ́ tó gbà yín wọlé ló ń sọ ìyẹn, inú àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní I-94 ló sì máa ń wà. Ẹ lè wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá fi ohun tó lé ní 180 ọjọ́ kọjá àyè rẹ̀, tó wá kúrò, ọdún 3 ni kò ní lè padà síbẹ̀. Tó bá pé ọdún kan, ọdún 10 ni.

Ọ̀rọ̀ owó báńkì ńkọ́? Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò dá iye kan pàtó lé àlejò tó fẹ́ wá gbafẹ́. Ohun tí wọ́n ń wò ni bóyá owó náà bá iṣẹ́ yín mu, àti bóyá ẹ ní ohun tó máa fà yín padà wálé. Nítorí náà, mílíọ̀nù tí ajẹ́ńtì sáré jù sínú àkáǹtì yín lánàá, ẹjọ́ ló ń rò mọ́ yín lẹ́sẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá ká ìwé irọ́ mọ́ lọ́wọ́, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè tìlẹ̀kùn mọ́ ọn fún ọdún 10. Ní Amẹ́ríkà, ó lè jẹ́ títí ayé. Orúkọ yín ló sì wà lórí fọ́ọ̀mù, kì í ṣe ti ajẹ́ńtì.

Kì í ṣe òkè òkun nìkan o. Àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 ló jẹ́ ká lè wọ Benin àti Togo fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Ṣùgbọ́n àdéhùn yẹn kan náà ní ká mú ìwé ìrìnnà tí kò tíì parí dání, ká sì mú ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára dání. Yẹ́lò káàdì ló ń kó ọ̀pọ̀ wa sí gbèsè ẹgúnjẹ lójú ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan láyé ni èèyàn ń gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú: láti ọdún 2016 ni káàdì náà kì í ti í parí mọ́. Kẹ́ ẹ ṣáà ti gbà á, ó kéré tán, ọjọ́ 10 kẹ́ ẹ tó rìnrìn àjò.

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní òfin yìí ti le jù fún wa. Òótọ́ ni. Owó Schengen jẹ́ 90 yúrò fún àgbàlagbà, tí wọn ò bá sì fún èèyàn ní físà, wọn ò ní dá kọ́bọ̀ padà. Ó dùn mí bó ṣe dun yín. Àmọ́ tí wọ́n bá ti gba owó lọ́wọ́ wa tán, kí ló dé tá a tún máa fi àìkàwé san ẹlẹ́ẹ̀kejì?

Àǹtí wa ti tún ń múra ìrìn àjò mìíràn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó gbé físà tuntun wá bá mi, ó ní ká jọ kà á. Àwa méjèèjì jókòó, a kà á látòkè délẹ̀, kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.