Àtẹ Oníhà Púpọ̀ nínú Èdè Ìṣètò Kọ̀ǹpútà

Àtẹ oníhà púpọ̀, tí a mọ̀ sí array ní Gẹ̀ẹ́sì, ni ọ̀nà tí èdè ìṣètò kọ̀ǹpútà ń gbà to nọ́ńbà jọ, kí a lè fi ipò ọ̀kọ̀ọ̀kan pè é jáde. Ọpọ́n ayò ni àpẹẹrẹ tó súnmọ́ni jù: ìlà méjì, ojú mẹ́fà mẹ́fà, ojú 12 lápapọ̀. Bí a bá ní ojú kẹta nínú ìlà kejì, ojú kan ṣoṣo ni a ń tọ́ka sí.

Inú kọ̀ǹpútà kò rí bí ọpọ́n. Ìlà gbọọrọ kan ni ibi ìpamọ́ rẹ̀, orí ìlà yìí ni a ó sì tú ọpọ́n sí. Ibẹ̀ ni àwọn èdè ti yapa. Fortran, tí John Backus àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní IBM ní ọdún 1957, ń tò ó ní òró: ojú kìíní ìlà méjèèjì, lẹ́yìn náà ojú kejì wọn, títí dé òpin. MATLAB, R àti Julia ń ṣe bákan náà. Èdè C, iṣẹ́ ọwọ́ Dennis Ritchie, ń to ìlà kìíní tán kó tó kan ìkejì. NumPy ti Python náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí a kò bá pàṣẹ mìíràn fún un. Ojú kẹta ìlà kejì wá di ipò kẹfà nínú Fortran, ó sì di ipò kẹsàn-án nínú C. Èdè C àti Python tún ń bẹ̀rẹ̀ òǹkà láti òdo, nígbà tí Fortran sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti oókan.

Ìṣòro yìí hàn kedere nínú NetCDF, irú fáìlì tí àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ń lò. Àtẹ tí ètò C kà sí àsìkò, látitúùdù, lọngitúùdù, lọngitúùdù, látitúùdù, àsìkò ni Fortran kà á sí. Nọ́ńbà kankan kò kúrò ní ipò rẹ̀. Orúkọ ìhà nìkan ló yí padà. Ẹni tó bá da ètò kọ láti èdè kan sí èkejì láìyí ìtò wọn padà yóò gbé ìlú kúrò ní ààyè rẹ̀. Libreville, olú ìlú Gabon tí àdúgbò Plaine Orety wà nínú rẹ̀, wà ní nǹkan bí dìgírì 0.4 ní àríwá àti 9.4 ní ìlà-oòrùn. Bí méjèèjì bá gba ipò ara wọn, agbègbè ààlà Ghana àti Togo la bá ara wa, ó ju 1,000 kìlómítà lọ. Ẹni tó ń wo ìṣirò òjò fún Plaine Orety ń wo òjò ibòmíràn. Bí ìhà méjèèjì àtẹ náà bá gùn dọ́gba, kọ̀ǹpútà kò ní ráhùn rárá.

Ìtò yìí kan eré ètò pẹ̀lú, nítorí àwọn nọ́ńbà tó fara kanra ni kọ̀ǹpútà máa ń kó wọlé pọ̀. Nínú C, nọ́ńbà ipò tó kẹ́yìn ló yẹ kó máa yí kíákíá jù. Nínú Fortran, ti àkọ́kọ́ ni. Java yàtọ̀ sí gbogbo wọn: àtẹ inú àtẹ ló ní, ìlà rẹ̀ sì lè wà níbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Fún ìdánwò, àtẹ kékeré tí ìhà rẹ̀ kò dọ́gba, bíi 2 sí 3, tí nọ́ńbà inú rẹ̀ yàtọ̀ síra, ló ń tú àṣìṣe fó jù.