Mílíìkì Sóyà Nínú Ògì Ọmọ Wa

Ẹ̀yin òbí, ṣé inú máa ń run ọmọ yín bó bá mu mílíìkì màlúù? Ọ̀pọ̀ nínú àwa Yorùbá ni ara wa kì í gba ṣúgà inú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní lactose. Kò sí irú ṣúgà yìí nínú mílíìkì sóyà.

Ẹ lè bù ú sínú ògì, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí ògì tutù díẹ̀. Ògì máa ń kan. Bó bá gbóná jù, mílíìkì náà á dì bíi wàrà.

Ẹ ra èyí tí kò dùn, tí wọ́n fi kálísíọ́mù sí fún egungun. Ẹ mi páálí rẹ̀ dáadáa, torí kálísíọ́mù máa ń sọ̀ sísàlẹ̀.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 1 ńkọ́? Ọmú tàbí mílíìkì ọmọ ọwọ́ ni tirẹ̀ o! Bí ara ọmọ bá sì sú lẹ́yìn tó mu sóyà, ẹ dá a dúró, kí ẹ rí dókítà.