Wọ́n rí ewu náà, àmọ́ inú íméèlì ló parí sí

Ọjọ́ kọkànlá oṣù Kejìlá ọdún 1998 ni àjọ NASA ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà rán ọkọ̀ òfurufú Mars Climate Orbiter lọ wo bí ojú ọjọ́ ṣe rí ní Mars, ọ̀kan lára àwọn pílánẹ́ẹ̀tì tó ń yí òòrùn po bíi ti ayé wa. Ó rìn fún oṣù mẹ́sàn-án ó lé. Lọ́jọ́ kẹtàlélógún oṣù Kẹsàn-án ọdún 1999, ó gba ẹ̀yìn Mars kọjá, wọn kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ló dá a sílẹ̀. Ìlú Denver ni àwọn òṣìṣẹ́ Lockheed Martin tó kan ọkọ̀ náà wà. Pasadena, ní California, ni àwọn tó ń tọ́ ọ sọ́nà wà. Kọ̀ǹpútà àwọn ará Denver ń fi pọ́n-ùn ka agbára tí àwọn ẹ̀rọ kéékèèké ara ọkọ̀ náà fi ń tì í, àwọn ará Pasadena sì gbà pé newton ni. Bẹ́ẹ̀, pọ́n-ùn kan ju newton mẹ́rin lọ. Ẹ wo télọ̀ tó fi íǹṣì wọn oníbàárà, tó wá kọ nọ́ńbà lásán ránṣẹ́ sí ẹni tó ń fi sẹ̀ǹtímítà gé aṣọ! Kìlómítà 226 ló yẹ kí ọkọ̀ náà fi ga sókè ilẹ̀ Mars. Nǹkan bíi 57 péré ló kù.

Èyí tó dunni jù ni pé wọ́n ti fura. Láti oṣù Kẹrin ọdún 1999 ni àwọn ará Pasadena ti rí i pé ìṣirò náà kò bára mu. Ìgbìmọ̀ tó wádìí ọ̀rọ̀ náà sọ pé íméèlì ni wọ́n gbára lé, dípò kí wọ́n kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún irú àléébù bẹ́ẹ̀. Nígbà tí kò ti sí lákọsílẹ̀, ta ni wọn yóò bi pé, "Ibo lo bá a dé?"

Ní oṣù Kejì ọdún 2001, àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà mẹ́tàdínlógún pàdé ní Snowbird, ìpínlẹ̀ Utah, wọ́n sì gbé ìlànà iṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní Agile jáde. Kì í ṣe tìtorí ọkọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n àwọn ẹnjiníà náà ti ń fi ṣọ́ ewu, pàápàá níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ kò bá sí lójú kan. Wọ́n á gé iṣẹ́ ńlá sí wẹ́wẹ́, ti ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Lójoojúmọ́ wọ́n á pàdé lórí fóònù tàbí íntánẹ́ẹ̀tì fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15, kálukú á sì sọ ohun tó dí i lọ́wọ́. Ewu tí ẹnikẹ́ni bá rí á wọ inú ìwé kan ṣoṣo tí gbogbo wọn ń rí, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí yóò bójú tó o. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Ìlànà náà ní ibi tó mọ o. Ẹni tó ń kọ́ afárá kò lè ní kí mọ́tò máa gba orí ìdajì rẹ̀ kọjá ná. Ìṣirò kíkún ṣì gbọ́dọ̀ wà, ìpàdé míì sì wà tó jẹ́ àròyé lásán. Àmọ́ ká ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà lójú Denver àti Pasadena ní oṣù Kẹrin yẹn, oṣù márùn-ún gbáko ni wọn ì bá ní láti tún ìṣirò náà ṣe.