Tẹ́ Ẹ Bá Ti Pe Owó Yín, Ẹ Dákẹ́

Ọ̀rọ̀ owó la fẹ́ sọ lónìí: báwo lèèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ ṣókí, tọ́kàn ẹ̀ á sì balẹ̀, nígbà tó bá ń dúnàá-dúrà pẹ̀lú oníbàárà?

Ẹ jẹ́ kí n fi ara mi ṣàpẹẹrẹ. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ya fídíò fún àwọn oníṣòwò, ọ̀gá kan pè mí lórí fóònù pé kí n wá ya fídíò ilé ìtajà òun. Ó ní, "Èló ni?" Mo ní, "250,000 náírà ni, sà." Kó tó lanu, mo ti ń bá ọ̀rọ̀ lọ: "Àmọ́ mo mọ̀ pé nǹkan le nílùú o, sà. Kámẹ́rà ni mo máa háyà, ẹnì kan á sì tẹ̀ lé mi wá, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ní 200,000, a lè ṣe é. Kódà, tó bá jẹ́ 180,000, kò sí wàhálà."

Ọ̀gá ò tíì sọ nǹkan kan o! Nígbà tó máa fèsì, ó ní, "Jẹ́ á ṣe é ní 150,000." Mo gbà. Nígbà tí mo sanwó kámẹ́rà, tí mo fún ẹni tó tẹ̀ lé mi lówó, tí mo wọkọ̀ lọ, tí mo wọkọ̀ bọ̀, 10,000 ló ṣẹ́ kù sí mi lọ́wọ́ fún iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin.

Ta ló dín owó yẹn kù? Èmi náà ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dín in kù kí oníbàárà tó sọ pé ó wọ́n. Ìdákẹ́jẹ́ ló dẹ́rù bà mí. Bó ṣe dákẹ́, mo rò pé inú ti bí i. Ó sì lè jẹ́ pé ṣe ló ń ṣírò owó lọ́kàn, tàbí kó jẹ́ pé ẹnì kan ló ń bá a sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ẹ wá lọ sí ọjà Gbági n'Íbàdàn tàbí Balógun l'Ékòó, kẹ́ ẹ tẹ́tí sí ìyá aláṣọ.

"Èló ni àǹkárá yìí, mà?"
"12,000 ni."
"Ṣé ẹ máa gba 7,000?"
"Kò gbà."
"8,000 ńkọ́?"
"Ẹ fi owó lé e."
"Èló ni jálẹ̀?"
"Ẹ mú 10,000 wá, oníbàárà mi."

Ìyá ò rojọ́ dọ́là, kò rojọ́ epo. Kò sì bínú, ẹ̀rín ló ń rín. Ohun tó fọkàn ẹ̀ balẹ̀ ni pé ó mọ iye tó ra ọjà, ó mọ jálẹ̀ ẹ̀, ó sì mọ̀ pé tẹ́ ò bá rà á, ẹlòmíì ń bọ̀. Lọ́dún 1981, Roger Fisher àti William Ury kọ ìwé kan tó ń jẹ́ Getting to Yes. Wọ́n ní kéèyàn tó jókòó dúnàá-dúrà, kó ti mọ ohun tó dáa jù tó lè ṣe tí ọ̀rọ̀ náà ò bá wọ̀. BATNA ni wọ́n ń pè é. Ìyá aláṣọ ò nílò orúkọ yẹn, àmọ́ ojoojúmọ́ ló ń lò ó.

Torí náà, kẹ́ ẹ tó gbé fóònù, ẹ kọ nǹkan mẹ́ta sílẹ̀: iye tẹ́ ẹ máa pè, jálẹ̀ yín, àti ohun tẹ́ ẹ máa ṣe tí oníbàárà ò bá gbà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ jálẹ̀, ẹ ṣírò gbogbo ohun tẹ́ ẹ máa ná, kẹ́ ẹ fi owó iṣẹ́ yín lé e. Èmi ò ṣe é, ìdí nìyẹn tí mo fi ń ṣàlàyé bí ẹni tó jẹ gbèsè.

Tó bá ti bi yín, ẹ sọ iṣẹ́, ọjọ́ àti owó pọ̀: "Fídíò ìṣẹ́jú méjì, ọjọ́ méje, 250,000 náírà, sà." Kẹ́ ẹ wá dákẹ́. Ẹ ka ení, èjì dé àrún lọ́kàn yín.

Tó bá ní ó wọ́n, ẹ má kàn dín in lọ́fẹ̀ẹ́. Tí owó bá dín, kí iṣẹ́ náà dín: "Tó bá jẹ́ 200,000, fídíò ìṣẹ́jú kan la máa ṣe." Tẹ́ ẹ bá sì ti fẹnu kò, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ lórí WhatsApp ní ìlà mẹ́ta: iṣẹ́, ọjọ́, owó pẹ̀lú àsansílẹ̀. Ẹ má fi voice note oníṣẹ́jú mẹ́rin ránṣẹ́. Ta ló máa padà wá owó nínú ìyẹn?

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní, "Àgbàlagbà lẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀, ṣé kò ní dà bí àfojúdi?" Rárá o. Ẹ kí i dáadáa, ẹ béèrè ilé, ẹ má gbàgbé "sà" àti "mà". Ìdí owó nìkan ni ká ti ṣẹ́ ọ̀rọ̀ kù. "Ẹ má bínú, sà, kò gbà bẹ́ẹ̀." Kò sí àfojúdi níbẹ̀. Ṣebí àwọn àgbà ló ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, tó bá dénú ẹ̀, á di odindi.

Ọ̀gá yẹn tún pè mí lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Mo ti kọ jálẹ̀ mi sílẹ̀: 250,000. Mo ní, "300,000 ni, sà," mo panu mọ́. Ó pẹ́ débi pé mo wo fóònù bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ. Ó wá ní, "Jẹ́ á ṣe é ní 260,000."

Mo ní, "Ó gbà, sà."

Ó dìgbà kan ná o.