Ohun Tí Ń Fún Oògùn Ibà Lágbára

Kò sí ilé tí ibà kì í yà ní ilẹ̀ wa. Púpọ̀ nínú wa ló ń lo oògùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ènìyàn ló mọ ohun tí ń fún oògùn náà lágbára. Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní ọdún 1972, Tu Youyou àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Ṣáínà rí artemisinin yọ jáde láti inú ewé kan. Ọ́síjìn méjì tí ó so mọ́ ara wọn ni agbára rẹ̀. Peroxide ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Kòkòrò ibà a máa jẹ èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀ wa, irin sì wà nínú èròjà náà. Bí irin yìí bá kan ọ́síjìn méjèèjì, ìsopọ̀ wọn a já, ohun tí ó já yìí a sì ba ara kòkòrò náà jẹ́ títí yóò fi kú. Bí a bá yọ ọ́síjìn kan péré kúrò, agbára oògùn tán nìyẹn.

Nítorí pé oko ni artemisinin ti ń wá, Jonathan Vennerstrom ti yunifásítì Nebraska ní Amẹ́ríkà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi kẹ́míkà ṣe irú rẹ̀. Ní 2004 ni wọ́n kéde arterolane.

Ẹ fi ọ́síjìn méjì náà wé ọ̀bẹ, kí ẹ sì fi ohun tí ó yí i ká wé àkọ̀. Bí kò bá sí àkọ̀, oògùn a bàjẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ kòkòrò. Bí a bá fi èròjà ńlá tí ń jẹ́ adamantane dí ìhà méjèèjì, irin kò ní ráyè wọlé, oògùn kò sì ní ṣiṣẹ́. Adamantane ní ìhà kan, èròjà tí ó kéré sí i ní ìhà kejì, ni ó bá a mu.

Wákàtí díẹ̀ ni arterolane ń lò nínú ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí wọ́n yí ẹ̀ka ara rẹ̀ kan padà, wọ́n rí artefenomel, tí ń lo ọjọ́ mélòó kan. Ìdí nìyí tí ilẹ̀ Íńdíà fi gba arterolane wọlé ní 2012 pẹ̀lú piperaquine, oògùn mìíràn tí ń pẹ́ lára.

Bákan náà ni artemether, tí Nàìjíríà yàn pẹ̀lú lumefantrine ní 2005: ọ́síjìn méjì náà ni agbára rẹ̀, kì í sì í pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà ni a fi ń lò ó lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí ara ọmọ bá fúyẹ́ ní ọjọ́ kejì, ẹ má ṣe fi ìyókù pamọ́. Ejò tí a kò pa tán ni kòkòrò tí ó ṣẹ́kù. Yóò tún padà wá.