Ẹ̀yin Òbí, Ẹ Jẹ́ Kí Olùkọ́ Dá Ọmọ Yín Mọ̀

Tí sáà ẹ̀kọ́ tuntun bá bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn, àwọn òbí ní Ẹgbẹ́dá a máa di gàrí àti èlùbọ́ fún ọmọ wọn. Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í rántí sọ ni pé kí ọmọ lọ kí olùkọ́ rẹ̀.

Lọ́dún 1948 tí ilé ẹ̀kọ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní Ẹlẹ́yẹlé, akẹ́kọ̀ọ́ 104 péré ló wà níbẹ̀. Kò ṣòro fún olùkọ́ láti mọ olúkúlùkù. Lónìí, èrò ti pọ̀. Bí ẹ̀kọ́ bá rú ọmọ tó ń jókòó sẹ́yìn lójú, ta ni yóò sọ fún? Ta ni yóò jẹ́rìí rẹ̀ níbi iṣẹ́ lọ́la?

Kò gba iṣu, kò gba owó. Kó kí wọn, kó sọ orúkọ rẹ̀, kó sì béèrè ohun tí kò yé e. Abèèrè kì í ṣìnà.