Ẹ̀dá Oníborí Tí A Kọ́kọ́ Rí Nínú Òkúta

Ẹ̀yin ìyá, bí ọmọ bá mú ohun kékeré kan wá láti abẹ́ ewé oko tí ó ní eégbọn ni, ẹ ka ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó fi bàtà tẹ̀ ẹ́. Ìdílé aláǹtakùn, àkekèé àti eégbọn a máa ní ẹsẹ̀ mẹ́jọ. Kòkòrò a máa ní mẹ́fà.

Ìṣirò yìí ṣòro fún William Buckland, àlùfáà ìjọ Kristi àti olùkọ́ àgbà ní Oxford. Ní 1837 ó kọ̀wé nípa ẹ̀dá kan tí a rí nínú òkúta ní Coalbrookdale, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìlà kan la ẹ̀yìn rẹ̀ sí méjì. Buckland rò pé ìyẹ́ tí a pa dé ni, ó sì sọ ọ́ ní Curculioides, bí ẹni pé ẹbí kòkòrò inú ẹ̀wà ni. Èmi kò dá a lẹ́bi. Ó pẹ́ kí àwọn mìíràn tó mọ̀ pé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ ni, tí ó ti lé ní 300 mílíọ̀nù ọdún.

Ní 1838, Guérin-Méneville, ará Faransé, ṣàpèjúwe alààyè kan láti etíkun Guinea, ní apá tiwa níbí. Ẹbí kan náà ni àwọn méjèèjì, Ricinulei ni orúkọ wọn, ṣùgbọ́n ta ni ó mọ̀ nígbà náà?

Ẹ wo bí ó ti rí. Ó ní ìborí líle níwájú, èyí tí ó lè ṣí sókè tàbí kí ó fà á bo ẹnu. Ẹyin kan ṣoṣo ni abo ń gbé, abẹ́ ìborí yìí ni ó sì ń gbé e sí títí yóò fi pa. Ẹsẹ̀ mẹ́fà ni ọmọ náà bá jáde bí ti ọmọ eégbọn; ìgbà tí ó bá bọ́ awọ ni yóò tó ní mẹ́jọ. Nítorí èyí ni àwọn ọ̀mọ̀wé ṣe so ó mọ́ eégbọn tipẹ́tipẹ́. Ṣùgbọ́n ní 2019, Ballesteros àti Sharma ní horseshoe crab, ẹ̀dá òkun tí ẹ̀yìn rẹ̀ le bí igbá, ni ìbátan rẹ̀ tí ó sún mọ́ ọn jù. Gbogbo wọn kò tíì gbà. Díẹ̀ nínú àwọn ti inú òkúta ní ojú. Àwọn tí ó wà láàyè lónìí kò ní.

Láti Ayétòrò, bí ẹ bá gba Ìlaró dé Ìdí-Ìrókò, tí ẹ la Benin àti Togo kọjá, ẹ ó dé Ghana, níbi tí igbó Atewa wà, ní ìhà àríwá Accra. Ní 2008 Piotr Naskrecki ṣàpèjúwe irú kan láti ibẹ̀, ó sì fi orúkọ igbó náà pè é: Ricinoides atewa. Bauxite, òkúta tí a ń yọ́ di páànù àti ìkòkò, wà nínú òkè náà, wọ́n sì ti la ọ̀nà wọ inú igbó ní 2019 láti yẹ̀ ẹ́ wò. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í wa ilẹ̀ náà, ewé tí ó bo ilẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ gbá dànù, abẹ́ rẹ̀ sì ni ìyá oníborí ń gbé.